Orí Kẹfà: Gbígbé Eré Olórin láti Yunifásítì lọ sí Òkákà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tíátà tí ẹ ti mú eré àpanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan, tí ẹ ti fi orin sí i, tí ẹ ti ṣe é ní gbọ̀ngán yunifásítì títí àwọn olùkọ́ fi rẹ́rìn-ín tí wọ́n sì fún yín ní máàkì, ẹ̀yin ni orí yìí wà fún. Ohun tó kù ni bí ẹ ó ṣe gbé e kúrò níbi tí gbogbo òǹwòran ti jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Òkákà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ní Òkè-Ògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Òtù. Ẹ má retí gbọ̀ngán tíátà níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ ń gbé ohun àjèjì lọ bá wọn, nítorí àwọn ará Òkè-Ògùn ti ń wo eéégún aláré kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí. Ní 1961, ẹgbẹ́ eléré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University College, Ìbàdàn, mú Les Fourberies de Scapin, eré tí Molière gbé jáde ní Paris ní 1671, wọ́n sọ ọ́ di ti Nàìjíríà, wọ́n pe ìránṣẹ́ alárékérekè inú rẹ̀ ní Súbérù, wọ́n sì gbé e rìn láti ìlú dé ìlú. Dàpọ̀ Adélugbà wà lára àwọn tó ṣe é. Òun náà ló tún un kọ lẹ́yìn náà tó di That Scoundrel Suberu. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá eléré alárìnkiri tí School of Drama ní Ìbàdàn gbà sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́fà, fi ìwé Amos Tutùọlá ṣe eré olórin ní Arts Theatre, Demas Nwoko ló sì bá wọn ṣe ojú ìtàgé. Lánkẹ́ Ọ̀mùtí inú eré náà kò jókòó sí yunifásítì, ó jáde sí ìgboro.

Èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ yín jù ni Opera Wonyosi tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 1977. The Beggar's Opera tí John Gay ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1728 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí Brecht àti Kurt Weill tún ṣe ní Berlin ní 1928. Ṣóyínká gbé ìtàn náà lọ sí Bangui, sáàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti ilé sá, ní àkókò tí Bokassa, olórí ibẹ̀, ń fi ara rẹ̀ jẹ ọba ńlá. Oṣù Kejìlá yẹn gan-an ni Bokassa dé adé. Wọ́nyọsí sì ni léèsì olówó gọbọi tí àwọn olówó epo rọ̀bì ń wọ̀ ká òde nígbà náà. Ẹ wo ohun tí kò fọwọ́ kàn: ọ̀gá alágbe tó ń fi àgbe ṣíṣe ṣòwò, ọmọbìnrin rẹ̀ tó lọ fẹ́ olè, ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ olè. Ọgbọ́n ìtàn wà níbi tó wà. Ìlú, aṣọ, orúkọ, ẹni tí a ń bú, gbogbo ìyẹn ló yí padà.

Ẹ yan eré tí a lè fẹnu sọ

Kí ẹ tó fa ìlà kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé, ẹ lọ bá ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì yín, kí ẹ sọ ìtàn eré náà fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ní, "Ẹn-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ní, "Ta tún nìyẹn?" lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ yọ díẹ̀ kúrò.

Scapin gba ìdánwò yìí dáadáa. Àwọn bàbá méjì tí wọn kì í fẹ́ kí kọ́bọ̀ ó bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ sí ìrìn àjò. Kí wọ́n tó dé, ọmọkùnrin ẹnì kìíní ti gbé ìyàwó níkọ̀kọ̀, ti ẹnì kejì ti kó sínú ìfẹ́ ọmọbìnrin tó jẹ́ pé owó ló máa gbà á sílẹ̀. Ìránṣẹ́ kan wá ní òun á gba owó náà lọ́wọ́ àwọn bàbá wọ̀nyí, irọ́ ló sì fi gbà á. Molière náà kò dá a rò. Ọ̀dọ̀ Terence, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ló ti rí i, nínú Phormio tí wọ́n ṣe ní ọdún 161 kí wọ́n tó bí Jésù. Ìtàn tó ti rìn láti Róòmù dé Paris, tó ti Paris dé Ìbàdàn, kò ní rẹ̀ ẹ́ kó tó dé Òkákà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yí. Irọ́ tó tóbi jù tí ìránṣẹ́ náà pa ni pé àwọn ará Tọ́kì ti tan ọmọ bàbá náà wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń béèrè owó kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní Paris, ẹ̀rín ni. Ní Òkè-Ògùn lónìí, ìjínigbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ kò mọ ẹni tó jókòó níwájú yín tó ti ta oko láti fi gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni èmi yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ṣakí, ní Òkè-Ògùn kan náà, kò jìnnà sí bodè Benin, kò sì sí ẹni tó ń gbé apá ibẹ̀ tí kò mọ ìtàn ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnìkan. Kí ìránṣẹ́ sáré wọlé tòun ti èémí, kó ní wọ́n ti mú ọmọ ní bodè pẹ̀lú àpò ìrẹsì, pé bí owó kò bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀wọ̀n yá. Kí bàbá máa béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo léraléra bó ṣe ń yọ owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ló wá dé bodè? Ìbéèrè yẹn ni ẹ ó sọ di orin. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé àwọn alágbára ìlú lẹ fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà, kì í ṣe bàbá ahun, The Government Inspector tí Gogol ṣe ní Rọ́ṣíà ní 1836 ló yẹ yín. Fẹ́mi Òṣófisan ti ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní Who's Afraid of Solarin?, níbi tí ẹ̀rù Tai Ṣólàárìn ti ń ba àwọn kánsẹ́lọ̀ tó jẹ owó ìlú.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ lọ sókè òkun rárá, Òkè-Ògùn ní tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ wà ní Ìgbòho, Aláàfin Abípa fẹ́ kó padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé nígbà tí ọba rán àwọn èèyàn lọ síbẹ̀ láti tún ilẹ̀ ṣe, àwọn ìjòyè ti fi àwọn tiwọn ṣọwọ́ kí wọ́n lọ máa ṣe bí iwin lóru: Baṣọ̀run rán abuké, Alápìn-ín-ni rán àfín, oníkálukú rán tirẹ̀. Wọ́n dẹ́rù ba àwọn èèyàn ọba, wọ́n sá wálé. Àṣírí tú sọ́wọ́ ọba, ó rán ọdẹ lọ kó gbogbo iwin wá, kò wí nǹkan kan, ó se àsè fún àwọn ìjòyè, iwin oníkálukú ló sì gbé ọtí wá bá ọ̀gá rẹ̀ lórí ìjókòó. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Joel Adédèjì, tó kọ́ni ní tíátà ní Yunifásítì Ìbàdàn, so ìbẹ̀rẹ̀ eéégún aláré mọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. N kò mọ eré Molière kan tí ìparí rẹ̀ dùn ju ìran ọtí yẹn lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ojú àwọn ìjòyè nígbà tí wọ́n dá iwin wọn mọ̀ ni kí a rẹ́rìn-ín sí, kì í ṣe iké abuké tàbí awọ àfín. Bí òǹwòran bá ń rẹ́rìn-ín kí àwọn ìjòyè tó wọlé, ibi tí kò yẹ ni ẹ ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò gùn. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ìwé. Molière, Gay àti Gogol ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Brecht kú ní 1956, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ṣóyínká àti Òṣófisan ń bẹ láàyè, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ wọn. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé ni pé ẹni tó túmọ̀ Molière sí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀; bó bá jẹ́ ìtumọ̀ tuntun lẹ gbé sílẹ̀ tí ẹ ń kọ Yorùbá láti inú rẹ̀, ẹ ti wà nínú oko olóko.

Orin ló ṣáájú

Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré tán, wọ́n á wá fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé "orin níbí". Nígbà tó bá dé orí ìtàgé, ìtàn á dúró, gbogbo wọn á tò sí ìlà kan, wọ́n á kọrin, wọ́n á tẹríba, ìtàn á tún bẹ̀rẹ̀. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ yọ orin kọ̀ọ̀kan kúrò kí ẹ ka eré náà láìsí i. Bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́, ẹ má dá a padà.

Nínú eré àpanilẹ́rìn-ín, ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù ni orin ti ń jáde, nígbà tí ẹnu lásán kò lè gbé e mọ́. Nítorí náà, ẹ wá àwọn ibi bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Nínú Scapin, eré bàbá ahun wa, mo rí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ó sì tó fún eré wákàtí kan àtààbọ̀. Orin 69 ló wà nínú eré Gay, ṣùgbọ́n kúkúrú ni wọ́n, àwọn orin tí gbogbo ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti mọ̀ ló sì fi ọ̀rọ̀ tuntun sí. Ṣóyínká náà yá ohùn orin tí etí àwọn èèyàn ti mọ̀.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn kò nira. Ní Yorùbá, ohùn orin tí ẹ yá yóò fa ohùn ọ̀rọ̀ yín síbi tí kò lọ. Bí bàbá ahun bá fẹ́ kọ ọ́ pé "Owó mi dà?" tí ohùn orin sì wálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, "Òwò mi dà?" ni ìlú máa gbọ́, wọ́n á rò pé ṣọ́ọ̀bù ló ń wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin òyìnbó fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọkàn túmọ̀ ohun tí etí kò gbọ́. Òǹwòran tó fẹ́ rẹ́rìn-ín kì í ní sùúrù yẹn. Kó tó túmọ̀ rẹ̀ tán, ẹ̀rín ti kọjá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe bàbá fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe orin, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀: "Kí ló wá dé bodè?" Ẹ gbà á sórí fóònù. Ẹ tẹ́tí sí i. Ohùn náà wà lókè láti "kí" títí dé "dé", ó sọ̀ sí àárín lórí "bo", ó sì jábọ́ sísàlẹ̀ lórí "dè". Orin yín nìyẹn, ẹ má bá a jà. Ohun tí ẹ ó fi kún un kò ju pé kí ẹ fa "dè" náà gùn bí ìkérora. Ẹ wá wá ègbè tí yóò máa gòkè níbi tí lílé ti wálẹ̀:

Bàbá: Kí ló wá dé bodè?
Elégbè: Ẹ bi í o, ẹ bi í!

Àwọn elégbè ni aládùúgbò tó wá wòran, nítorí ní ìlú wa kò sí bí bàbá ṣe lè máa pariwo owó kí aládùúgbò má yọjú. Wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn: wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ sí ohun tí kò kàn wọ́n.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí bàbá sọ ọ́ lásán. Ní ìgbà kejì, kó máa sún mọ́ orin, kí ìyáàlù sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà tẹ̀lé e, nítorí ìlù lè sọ gbólóhùn yẹn láìsí àríyànjiyàn. Ní ìgbà kẹta, kí elégbè wọlé. Ní ìgbà kẹrin, kí ìyáàlù nìkan sọ ọ́, kí bàbá la ẹnu kó má sọ nǹkan kan, kí elégbè náà dákẹ́. Ibí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ mọ iṣẹ́. Bí ègbè náà bá ṣe é gbé ní èémí kan, tí kò ní ọ̀rọ̀ tó le nínú, àwọn ọmọdé tó jókòó sórí ẹní níwájú ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e, àwọn ìyá wọn á tẹ̀lé e. Kí bàbá yí padà bínú sí òǹwòran pé ta ló bi wọ́n. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n ti wọ inú eré. Ẹ má yára kúrò níbẹ̀ nítorí pé olùdarí ń wo aago.

Ẹ tún un lò lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ìparí, nígbà tí wọ́n bá ká bàbá fúnra rẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ọmọ rẹ̀ ni kó bi í ní ìbéèrè náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ìlù. Kì í ṣe orin tuntun ló ń jẹ́ kí ìparí eré dùn. Orin tí wọ́n ti mọ̀, tó wá yí mọ́ ẹlòmíì lórí, ni.

Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù sílé. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ yín ní ẹ̀ka orin á bínú. Ó ń jẹ iná, ó sì máa ń bo ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyáàlù dùndún kan, kẹríkẹrì kan, ìṣáájú kan àti gúdúgúdú ti tó, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gúdúgúdú ni yóò máa gba àwọn ìṣẹ́jú ẹ̀rín: ìṣubú, ìgbátí, ilẹ̀kùn tó gbá. Onílù náà gbọ́dọ̀ wà níbi tó ti lè rí ojú aṣeré, kì í ṣe ẹ̀yìn aṣọ.

Àpò, ọ̀pá, ìmọ́lẹ̀

Ìran tí gbogbo ayé mọ̀ nínú Scapin ni ti àpò. Ìránṣẹ́ sọ fún bàbá pé àwọn tó fẹ́ lù ú ń bọ̀, ó ní kó wọ inú àpò kí òun gbé e sá. Nígbà tí bàbá wọ inú rẹ̀ tán, ìránṣẹ́ á máa yí ohùn padà bí ẹni pé àwọn ọmọ ìta ti dé, á sì máa fi ọ̀pá lu àpò náà, títí bàbá fi yọrí tó sì rí i pé ẹnìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń kó kajú ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí eruku inú rẹ̀ yóò mú aṣeré húkọ́. Ẹ gé ihò èémí méjì sí ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí òǹwòran. Ẹ rán fóòmù mọ́ ibi tí ẹ̀yìn àti èjìká máa wà, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ fa ìlà funfun yí ibẹ̀ ká kí ẹni tó ń lu mọ ibi tí ọ̀pá ti gbọ́dọ̀ balẹ̀. Oparun tí ẹ là sí méjì láti orí dé ìdajì ni ọ̀pá náà. Bó bá kan fóòmù, apá méjèèjì á gbá ara wọn, á dún gbàà, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Kí gúdúgúdú má ṣáájú rẹ̀. Kí ẹni tó wà nínú àpò àti ẹni tó ń lu ní àmì ìdákẹ́: bí ẹni inú àpò bá na ọwọ́ síta, ìlù àti ọ̀pá á dúró lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé títí eré fi parí.

Iwájú ààfin tàbí ilẹ̀ gbalasa ilé ẹ̀kọ́ ni ibi tó dára jù. Òǹwòran máa yí yín ká ní apá mẹ́ta, nítorí náà ẹ yẹra fún ohun tó ní ẹ̀yìn tí a kò gbọ́dọ̀ rí. Ilẹ̀kùn kan tó dá dúró, àga kan, àpótí owó kan. Iná LED mẹ́fà ti tó, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e pẹ̀lú máíkì. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà, sẹ́yìn ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín wá bá yín. Ẹ mú fítílà alágbára oníbátìrì méjì dání. Bí iná bá lọ láàárín orin, kí orin má dúró.

Aṣọ àti ohùn

Ìsẹ́yìn wà lójú ọ̀nà yín, òfì ibẹ̀ á sì máa wu yín rà fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe é. Òfì wúwo, ẹni tó bá ń jó nínú rẹ̀ á rẹ̀ kí ìran kejì tó parí. Agbádá òfì kan, ti bàbá ahun, ló yẹ kó wà nínú eré, kó gbó ní etí, kó sì ní àpò inú mẹ́ta tó ń fi owó pamọ́ sí. Bí Ṣóyínká ṣe fi wọ́nyọsí fi àwọn olówó ìgbà ayé rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, agbádá yẹn lè sọ gbogbo ìtàn ọkùnrin náà kó tó la ẹnu: ó ń wọ ohun olówó iyebíye, kò sì lè ná ọgọ́rùn-ún náírà láti tún un rán. Kí àwọn yòókù wọ àǹkárá tàbí àdìrẹ.

Ẹ̀ka èdè Oǹkò ni wọ́n ń sọ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Òkè-Ògùn. Bí ẹ bá ní ọmọ ibẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kó sì jẹ́ ẹni tó gbọ́n jù nínú eré. Bí ẹ kò bá ní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sín in jẹ. Àwọn ará ìlú á rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n á máa rín.

Kí ẹ tó kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì

Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì ló dára jù. Òjò ti lọ, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ oko ti dẹ̀, ẹ lè ṣe eré ní gbangba láìwo ojú ọ̀run. Ọyẹ́ ni ìṣòro rẹ̀. Eruku á gbẹ ọ̀fun àwọn olórin, awọ ìlù á sì le jù. Kí àwọn onílù dẹ ọsán nígbà tí wọn kò bá lù, kí wọ́n fi aṣọ bo ojú ìlù lóru. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ má bàa lọ ṣe eré ní alẹ́ tí àwọn ìyá ń di ẹrù. Ẹ yẹra fún ààwẹ̀ Rámàdáánì, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kí ìrun Íṣáì tán. Láti Ìbàdàn, ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ kìlómítà 65, ni ẹ ó gbà. Ẹ rìn ín ní ọ̀sán, lọ àti bọ̀, kí ẹ sì sùn sí ìlú lálẹ́ eré.

Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà. Ààfin ni ẹ ó kọ́kọ́ dé, kì í ṣe téṣàn ọlọ́pàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ náà àti sẹkitéríàtì ní Òtù pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀ka yín. Ní ààfin, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ìtàn eré náà fún Kábíyèsí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún ìyá olóúnjẹ. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́. Bí eré Ọba Mọ́rọ̀ lẹ bá fẹ́ ṣe, tí àwọn ìjòyè sì wà nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò dáa, inú ilé yẹn ló ti yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe ní ojúde. Ẹ tún rí Ìyálọ́jà. Bó bá fọwọ́ sí i, ẹ kò nílò pósítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ilé àwọn Àyàn. Onílù yín láti yunifásítì mọ ibi tí ìgbátí wà nínú ìran kẹrin, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì ìlú. Kí àwọn onílù ìlú gba ìjúbà àti ìkíni, kí wọ́n kí Kábíyèsí, kí wọ́n kí àwọn ìdílé bí wọ́n ṣe ń wọlé. Àwọn eléré alárìnkiri ìgbà Ògúndé pe irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí ní "opening glee", àwọn eléégún aláré sì ti ń júbà ṣáájú wọn. Kí tiyín wá gba ìlù láti ibẹ̀. Kí àwọn onílù méjèèjì pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ eré, kí wọ́n lù papọ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò sí ìlù tí yóò jẹ́ àmì pé ó ti tó.

Àwọn èèyàn á fẹ́ ná owó fún yín. Wọ́n á fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbá ahun níwájú orí, ẹ̀rín sì ni, nítorí ahun ni. Ṣùgbọ́n òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 kò fàyè gba kí a máa fọ́n náírà tàbí kí a jó lé e lórí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ló wà fún un. Ẹ gbé igbá kan síwájú ìtàgé, kí bàbá ahun fúnra rẹ̀ máa tọ́ka sí i, kó máa ṣọ́ ọ, kó máa kà á nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Èyí á tilẹ̀ fún un ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú àwọn ìran tí kò ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ẹ san owó àwọn onílù ìlú kí ẹ tó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, lọ́wọ́ sí ọwọ́, ní iye tí ẹ dá. Ohun tó bá wà nínú igbá, ẹ kà á níwájú wọn, kí ẹ pín in. Ní àárọ̀, kí ẹ tó gun bọ́ọ̀sì, kí ẹnìkan nínú yín lọ ra mọ́ínmọ́ín ní ìgboro kó sì fetí sílẹ̀ sí àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Orin tí wọ́n bá ń kọ, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Èyí tí ẹ kò bá gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó dé ìlú tó kàn.